Sìmẹ́ńtì ń jáde nílé wa, kí ló dé tó fi wọ́n?

Ẹni tó bá ń gba Ifọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta mọ bí trélà sìmẹ́ńtì ṣe máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí tó ra ilẹ̀ sí Mowe àti Ibafo ni ilé wọn kò kúrò ní ìpìlẹ̀ nítorí owó sìmẹ́ńtì. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tó fà á.

Láti 1958 tí Nàìjíríà ti kọ́kọ́ ta epo rọ̀bì sókè òkun, díẹ̀díẹ̀ ni a gbára lé epo, tí a sì ń fi owó rẹ̀ ra ohun tí àwa náà lè ṣe. Sìmẹ́ńtì wà lára wọn. Ilé iṣẹ́ Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ifọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1960, nítorí pé òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì pọ̀ nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú ohun tí a ń lò, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá.

Ní 2002, ìjọba Ààrẹ Ọbásanjọ́ yí ètò padà. Ẹni tó bá fẹ́ kó sìmẹ́ńtì wọlé gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń kọ́ ilé iṣẹ́ síbí. Ètò yìí so èso: ilé iṣẹ́ Dangote ní Ibese ṣí ní 2012, sìmẹ́ńtì Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Nígbà tí ìjọba ti ibodè ní oṣù kẹjọ 2019, ọjà tó ń gba orí ilẹ̀ lọ dúró. Ohun tí ọwọ́ kan kọ́, ọwọ́ kejì dí i lọ́nà.

Kí ló wá dé tí owó kò wálẹ̀? Àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe é kò pọ̀, ìdíje kò sì tó. Èkejì, gáàsì, dísẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀yà ẹ̀rọ wọ́n, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, àpò kan kọjá ₦10,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, títí ìjọba fi pe àwọn oníléeṣẹ́ jókòó.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kíkọ́ ilé iṣẹ́ sílé dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ó yẹ kí ìjọba ṣí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́, kí iná má ṣe wọ́n, kí ibodè má sì máa tì lójijì. Kòkó wa tí a ṣì ń tà ní èso gbígbẹ náà ń dúró de irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí àwọn tó ń wá ìbò bá tún dé àdúgbò yín, ẹ bi wọ́n léèrè èyí kí ẹ tó gba ìrẹsì wọn.