Ríìdì Sakisofóònù Kì Í Ṣe Ohun Àjogúnbá

Mo mọ̀ pé bí ẹ ti rí àkọlé yìí, àwọn kan yóò máa wí pé, "Kí ni ọ̀rọ̀ fèrè ń wá ní ojú ìwé ìlera?" Ẹ fara balẹ̀ ná. Ohun tí ọmọ ẹni ń fi sí ẹnu lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ìlera ni, ìbáà jẹ́ ṣíbí, ìbáà jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ìbáà jẹ́ fèrè.

Láti Lekki títí dé Ajah, sakisofóònù ti di ohun tí a ń rí nínú ilé. Ní ọjọ́ Sátidé a ń gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, ní ọjọ́ Ìsinmi a ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn òbí sì ń ra tirẹ̀ fún ọmọ. Adolphe Sax, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó ṣe é, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ìlú Paris ní ọdún 1846. Ní Èkó níhìn-ín, ta ni kò mọ bí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí ó di olóògbé ní 1997, ti fọn ọ́n tó? Ara fèrè náà tí a fi idẹ ṣe lè pẹ́ láyé ju ẹni tí ó ni ín lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lára rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ pẹ́ rárá, òun sì ni ríìdì.

Ríìdì ni pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan tí a ń dè mọ́ ẹnu fèrè, tí ó ń sinmi lé ètè ìsàlẹ̀. Ara irúgbìn kan tí ó jọ esùsú ni a ti ń gé e. Arundo donax ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ẹkùn Var ní gúúsù ilẹ̀ Faransé sì gbajúmọ̀ púpọ̀ fún un. Bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ríìdì yìí ni yóò máa gbọ̀n tí ohùn yóò fi jáde. Bí afọnfèrè bá fọn ohùn tí àwọn olórin fi ń mú ohùn gbogbo ohun èlò wọn dọ́gba, ìgbà 440 ni ríìdì ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ wo iṣẹ́ tí ohun tí ó fúyẹ́ bí ewé yìí ń ṣe! Itọ́ sì ń rin ín ní gbogbo àkókò náà. Kò sí bí kò ṣe ní gbó.

Ní agbègbè wa yìí, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Òkun wà ní ọwọ́ kan, ọ̀sà wà ní ọwọ́ kejì, ọ̀rinrin kì í sì í fi afẹ́fẹ́ wa sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyálé ilé mọ̀ pé aṣọ tí kò gbẹ dáadáa ní àkókò òjò kì í pẹ́ bu. Báwo wá ni ríìdì tí ó mu itọ́ yó, tí a sì tì mọ́ inú àpótí fèrè láti ọjọ́ Ìsinmi kan dé èkejì, kò ṣe ní bu? Bí ọyẹ́ bá sì dé, gbígbẹ òjijì a máa mú kí ó lọ́, kí ó sì sán. Ẹni tí ó bá fi fèrè sínú búùtù ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ tún fi ooru kún un.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé àkókò ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n ka àmì márùn-ún sílẹ̀. Ìyá tí kò mọ dò mọ rè pàápàá lè fi ojú, imú àti etí rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò.

Èkíní, ẹ gbé ríìdì sí ojú ìmọ́lẹ̀. Bí orí rẹ̀ tí ó tín-ín-rín bá ti ré, tàbí tí ó sán, ẹ sọ ọ́ nù lójú ẹsẹ̀. Ó lè gé ètè tàbí ahọ́n.

Èkejì, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bí koríko gbígbẹ ni ríìdì tuntun ti ń rí. Àmì rúsúrúsú tí ó wà lára èèpo rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti rà á kò já mọ́ nǹkan kan. Bí ibi tí ẹnu ń kàn bá ṣú díẹ̀, itọ́ ni ó fà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí tóótòòtó dúdú, tàbí aláwọ̀ ewé, tàbí ohun funfun bí òwú, èbu ni, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fi èékánná ha á kúrò kí ó tún fi sí ẹnu. Inú igi náà ni èbu wà, kì í ṣe òde nìkan.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn kíkan, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rin ín pẹ̀lú omi mímọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Orí ríìdì tí ó gbẹ lè ká kò díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá mu omi ó yẹ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí kò bá tẹ́ mọ́, ayé rẹ̀ ti dópin.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tẹ́tí sí ọmọ náà. Bí fèrè bá ń han gooro nígbà tí a kò rán an, bí ohùn òkè kò bá jáde mọ́, tí ọmọ sì ń fún ètè mọ́ ọn kíkankíkan, ẹ má ṣe sáré bá a wí pé kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ríìdì ni ó ti rọ̀ jù.

Bí kò bá sí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí ńkọ́? Ẹni tí ń fọn fèrè lójoojúmọ́ kò ní lò ó ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lọ kí ó tó gbó. Ti ẹni tí ń fọn ọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi nìkan lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó má ṣe kọjá oṣù mẹ́ta. Kí ọmọ fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó sí ìdí ríìdì náà. Kí ó sì ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò máa lò ní ìkọ̀ọ̀kan, kí èyí tí ó lò lónìí lè rí àyè gbẹ.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ jùlọ ni fèrè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé ìwé tí ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, ń fi ríìdì kan ṣoṣo fọn. Ṣé a lè fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan fọ ẹnu ọmọ mẹ́rin? Ọ̀fìnkìn àti irú egbò ètè kan tí ń ranni lè ti ara itọ́ ẹnìkan dé ẹnu ẹlòmíràn. Kí oníkálùkù ní ríìdì tirẹ̀, kí wọ́n sì fọ ẹnu fèrè kí ẹlòmíràn tó gbà á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni ó kù. Àìsàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò wọ́pọ̀, n kò sì sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ní ọdún 2010, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí ń jẹ́ Chest tẹ ìtàn afọnsakisofóònù kan tí èbu inú fèrè rẹ̀ kó àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bá. Ní ọdún 2016, àwọn dókítà Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn ọkùnrin ẹni ọdún 61 kan sínú ìwé ìròyìn Thorax. Fèrè alápò ti àwọn ará Scotland ni ó ń fọn lójoojúmọ́. Ikọ́ gbígbẹ àti àìlèmí dáadáa bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó lọ lo oṣù mẹ́ta ní Ọsirélíà, tí ó fi fèrè sílẹ̀ ní ilé, ara rẹ̀ yá. Ìgbà tí wọ́n yẹ fèrè náà wò ni wọ́n bá oríṣiríṣi èbu nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, ọkùnrin náà sì kú ní 2014. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé ara a máa bá èbu tí a fà símú jà, ìjà náà a sì máa mú ẹ̀dọ̀fóró wú. Bí ó bá pẹ́, yóò di àpá tí kò ní lọ mọ́.

Nítorí náà, bí ikọ́ ọmọ yín bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ṣe jókòó sí ilé kí ẹ máa di ẹrù ọ̀rọ̀ ru ríìdì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ife ni. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ sọ fún dókítà pé ọmọ náà ń fọn fèrè, àti bóyá ara rẹ̀ máa ń yá nígbà tí kò bá fọn ọ́n. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ó lè má wá sí dókítà lọ́kàn láti béèrè.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò nira. Kí ọmọ fọ ẹnu rẹ̀ kí ó tó fọn fèrè, kí ó má ṣe fọn ọ́n pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Tí ó bá parí, kí ó tú ríìdì kúrò, kí ó fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ó nù ún, kí ó sì tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kí ó tó fi sínú páálí rẹ̀. Kí ó fi aṣọ nu inú fèrè gbẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ ẹnu fèrè. Omi gbígbóná a máa bà á jẹ́. Ríìdì oníke wà pẹ̀lú, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Légère ní Kánádà ń ṣe. Owó rẹ̀ ga, ó sì máa ń pẹ́ ju ti igi lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní láti rí omi àti ọṣẹ.

Mo mọ̀ pé owó ń wọ́n. Ṣùgbọ́n òbí tí ó lè ra fèrè kò gbọdọ̀ háwọ́ sí ríìdì. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti òwúrọ̀ ṣepin. Lálẹ́ òní, kí ọmọ tó sùn, ẹ ní kí ó ṣí àpótí fèrè rẹ̀ fún yín. Ẹ wo ríìdì inú rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ọjọ́ wo ni o ti ń lo èyí?"