Yíyọ Ọwọ́ Olùkọ́ Díẹ̀díẹ̀: Bí Ọmọ Ṣe Lè Dá Nǹkan Ṣe

A ṣe àkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń dáhùn dáadáa bí olùkọ́ bá bá wọn bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ṣùgbọ́n tí wọn kì í lè sọ ohunkóhun nígbà ìdánwò. Kì í ṣe pé wọn kò kọ́ ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ni kò tíì yọwọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùtọ́jú ìhùwàsí ọmọdé pẹ̀lú. Ó sì kan àwọn olùkọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà, irú èyí tí Federal College of Education (Special), tí a dá sílẹ̀ ní 1977, ń kọ́.

Atọ́nà ni a ó pe ìrànlọ́wọ́ tí ó ń mú ọmọ ṣe ohun tó tọ́ kí ó tó lè dá a ṣe. Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀: dídi ọmọ lọ́wọ́ mú, ṣíṣe é kí ó rí i, nínaka sí nǹkan, àti sísọ ọ́ fún un. Bí a bá ń kọ́ ọmọ tó lọ́ra láti sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń kí àgbà, a lè kọ́kọ́ sọ pé, 'Ẹ káàárọ̀', kí ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà, 'Ẹ káà...' nìkan ni a ó sọ. Ní ìkẹyìn, a ó kàn wojú rẹ̀.

Ní 1963, Terrace fi ẹyẹlé ṣe ìwádìí. Ó gbé ìlà lé orí àwọ̀ tí wọ́n ti mọ̀, ó wá ń dín àwọ̀ náà kù títí ó fi ku ìlà nìkan. Àwọn ẹyẹ náà kò ṣì í. Ní 1971, Touchette lo ọ̀nà mìíràn: ó ń fi àkókò díẹ̀díẹ̀ kún ìdúró kí atọ́nà tó dé, kí ọmọ lè ṣáájú rẹ̀.

Àmì ohùn náà ṣeé kọ́ báyìí. Kí olùkọ́ kọ igbá, ìgbà, igbà pẹ̀lú àmì. Lẹ́yìn náà, kí ó fi àmì sí sílébù kan. Ní ìkẹyìn, kí ọmọ fi gbogbo rẹ̀ sí i fúnra rẹ̀.

Bí a bá tètè yọwọ́ jù, ọmọ yóò máa méfò. Bí a bá pẹ́ jù, yóò máa wojú wa. Nítorí náà, kí ìyìn fún ohun tí ọmọ dá ṣe pọ̀ ju ti èyí tí a bá a ṣe lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.