Ọlọ́pàá àti Ọmọ Ilé-Ìwé

Bí ọmọdé bá ń sunkún nínú agbo-ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni pé: "Dákẹ́, àbí kí n pe ọlọ́pàá fún ọ!" Ọmọ náà yóò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá ṣìnà nínú èrò ọjà ní Ìdúmọ̀tà, ọ̀dọ̀ ta ni yóò sá lọ? Ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á sílẹ̀ ni a ti fi dẹ́rù bà á.

A kò di ẹ̀bi náà ru ìyá nìkan. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, ó sì ti pẹ́. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, àwọn Haúsá tí wọ́n gbé ìbọn ni ó fi ṣọ́ ìlú, láti ara wọn sì ni iṣẹ́ ọlọ́pàá wa ti ṣẹ̀ wá. Ìjọba ni wọ́n ń ṣọ́, kì í ṣe ará ìlú. Ní oṣù kẹwàá 2020 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ jáde tako ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS. Kí ọ̀ràn náà tó rọlẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́, wọ́n ti dáná sun ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ní Èkó, àwọn jàǹdùkú sì ti wọ Ìga Ìdúngánràn, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba lọ. Gbogbo wa ni a jẹ nínú gbèsè náà.

Òfin ti wí tirẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 pàṣẹ pé kí ẹ̀ka ọlọ́pàá kan wà fún ọ̀ràn ọmọdé, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin irú rẹ̀ ní 2007. Nítorí náà a rọ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá Erékùṣù Èkó kí wọ́n yan ọlọ́pàá kan fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Kí ó máa bẹ̀ wọ́n wò ní sáà kọ̀ọ̀kan, láì gbé ìbọn dání, kí àwọn ọmọ mọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì dáhùn ìbéèrè wọn, títí kan èyí tí ó korò: "Kí ló dé tí ẹ fi ń gbowó lọ́wọ́ awakọ̀?"

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọmọ di amí tí yóò máa ṣòfófó ará ilé rẹ̀. Irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tọ́jọ́.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì lónìí ni ọ̀dọ́ tí yóò pàdé ọlọ́pàá ní títì lọ́la. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti mọ ara wọn kí ọjọ́ náà tó dé.