Kajú Ṣábẹ̀ẹ́ Nínú Massepain Ọdún

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ètè, a máa ń rí àwọn páálí pẹlẹbẹ kan lórí àtẹ àwọn ilé ìtajà ńlá ní Kútọnu. Èso kéékèèké ló wà nínú wọn: ọsàn tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gùn bí ìka ọmọdé, gbogbo rẹ̀ kún fún àwọ̀, gbogbo rẹ̀ ṣeé jẹ. Ohun tí àwọn Faransé ń pè ní massepain tàbí pâte d'amande nìyẹn. Òkè òkun ló ti wá, owó rẹ̀ sì ju agbára ọ̀pọ̀ òbí lọ. Àwọn ọmọ a dúró, wọn a wò ó, wọn a sì kọjá lọ. Ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí à ń kọ́ láti gbà pé ọwọ́ ènìyàn lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìdáná lásán.

Bẹ́ẹ̀, ohun méjì péré ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: èso amande tí a gún kúnná, àti ṣúgà. Àwọn ará Bàgídádì ti ń fi amande àti ṣúgà ṣe ìpápánu láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní Yúróòpù, àwọn ìlú kan sọ massepain di iṣẹ́ àjogúnbá. Lübeck ní Jámánì lókìkí fún un. Ní Toledo, ní ilẹ̀ Sípéènì, inú ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ti Palermo, ní erékùṣù Sisílì, ló wù wá jù. Frutta martorana ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, láti inú orúkọ ilé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ kan ní ìlú náà. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń fún ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, ọjọ́ ìrántí àwọn òkú, wọn a sì sọ fún ọmọ pé àwọn ará ilé tó ti lọ ló mú ẹ̀bùn náà wá lóru. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń retí ará ọ̀run nínú ilé Yorùbá kò ní rí èyí bí ohun àjèjì.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fi sọ́kàn ni pé amande kọ́ ni massepain. Ọ̀pọ̀ ibi tí ọgbọ́n yìí dé, tí igi amande kò sì sí, èso tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn Potogí gbé e dé Goa ní ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn Kristẹni ibẹ̀ fi kajú rọ́pò amande, kajú náà ni wọ́n sì ń fi ṣe massepain Kérésìmesì títí dòní. Ní Mẹ́síkò, ẹ̀pà ni. Ní Brazil, wọ́n ń fi ẹ̀pà gígún ṣe ìpápánu kan tí wọ́n ń pè ní cajuzinho, èyí tó túmọ̀ sí kajú kékeré: wọn a mọ ọ́n bí èso kajú, wọn a sì fi ẹyọ ẹ̀pà kan sí ìdí rẹ̀ dípò kóró. Ó wọ́pọ̀ níbi àjọyọ̀ ọjọ́ ìbí ọmọdé.

Igi kajú fúnra rẹ̀, Brazil ló ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e káàkiri láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, dé Íńdíà, dé Áfíríkà. Orúkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà lójú ọ̀nà: àwọn Tupi, ọmọ onílẹ̀ Brazil, ń pè é ní acaju, àwọn Potogí ní caju, àwa ní kajú. Faransé tí a kọ́ ní ilé ìwé ló fún un ní orúkọ méjì: anacarde nígbà tó bá wà ní oko, noix de cajou nígbà tó bá ti wọ inú páálí.

Ẹni tó bá ti gba ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá mọ bí oko kajú ti pọ̀ tó ní agbègbè náà. Lẹ́yìn òwú, kajú wà lára irúgbìn tí Bẹ̀nẹ̀ ń tà jù sí ilẹ̀ òkèèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tòun ti èèpo rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ fi ń lọ sí Íńdíà àti Vietnam. Ìjọba fi òfin dá títa kajú aléèpo sí òkèèrè dúró láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2024, kí a lè máa bó o nílé. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà ní Glo-Djigbé. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń ṣa kajú láti kékeré, tí kò mọ ohun mìíràn tí a lè fi kóró rẹ̀ ṣe ju kí a yan án lọ, tí ó wá ń wo massepain ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn gíláàsì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe ti òfin. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

(Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé a ní amande nílé. Igi tí àwọn ọmọ ń pè ní amandier ní àgbàlá ilé ìwé, tí wọ́n ń fi òkúta fọ́ èso rẹ̀ lásìkò ìsinmi, badamier ni. Kóró inú rẹ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó o kún ife kan yóò fọ́ ọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.)

Ìkìlọ̀ kan kí a tó gbé ìkòkò kaná: ẹ má ṣe fọ́ kajú aléèpo nílé. Oje tó wà nínú èèpo rẹ̀ ń jó awọ ara bí iná, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ojú àti ọ̀fun. Ẹ ra èyí tí a ti bó, tí kò ní iyọ̀, tí a kò sì yan. Èyí tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ dínwó ju odidi lọ, nígbà tó sì jẹ́ pé gígún la ó gún un, kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ wá 300 gíráàmù kajú, 150 gíráàmù ṣúgà, omi ṣíbí ńlá 5, àti bọ́tà ṣíbí kékeré 1. Ẹ ṣa kajú náà dáadáa, ẹ sá a sí oòrùn fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ gún un díẹ̀díẹ̀ nínú odó gbígbẹ, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, kí ó máa dá a dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ bá gbóná, òróró yóò jáde, ìyẹ̀fun yóò sì rọ̀ bí ẹ̀pà lílọ̀. Ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ ọjà tí wọ́n fi ń lọ ata.

Ẹ da ṣúgà àti omi sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, lórí iná tí kò le. Nígbà tó bá ti hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi ṣíbí mú ẹ̀kán kan, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìka méjì, kí ẹ sì ya àwọn ìka náà: bí okùn tín-ín-rín kan bá fà láàárín wọn tí kò tètè já, ó ti tó. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá kánjú, ohun tí ẹ ṣe yóò rọ̀ jù, kò ní dúró. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sórí iná, yóò gbẹ, yóò máa fọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dín iná kù, ẹ da ìyẹ̀fun kajú sí i, ẹ máa fi ọmọrogùn rò ó bí ẹni ń ro ọkà, títí yóò fi kó ara jọ tí yóò sì bọ́ kúrò lára ìkòkò. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá lè gbà á, ẹ fi bọ́tà pa ọwọ́, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí òróró má baà jáde. Àwọn ìyá tó ti gún àádùn rí kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ wọn ti mọ ìgbà tí nǹkan gígún gbà láti di ìṣù.

Àwọn ará Goa a máa fi omi òdòdó róòsì sí i. Ní tiwa, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí a rin díẹ̀ ló bá ahọ́n wa mu jù. Àwọn kan ń fi ẹyin funfun tútù pò ó. A kò gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ọmọdé tàbí aboyún yóò bá jẹ ẹ́.

Ó wá ku mímọ. Ọyẹ́ ni ọ̀tá yín níhìn-ín, nítorí kíá ló ń gbẹ nǹkan: ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún dáadáa bo ìṣù náà, kí ẹ máa bu ìwọ̀nba tí ẹ ó lò. Fún àwọ̀ pupa, ẹ se ìṣápá tí a fi ń ṣe bissap títí omi rẹ̀ yóò fi ki. Fún àwọ̀ ìyeyè, àtalẹ̀ pupa. Fún àwọ̀ ilẹ̀, kòkó. Ẹ̀kán díẹ̀ ló tó, bí omi bá pọ̀ yóò bà á jẹ́. Láti ṣe èso kajú, ẹ yí i róbótó, ẹ fà á gùn díẹ̀, ẹ ki odidi kóró kajú kan bọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi kànáfùrù ṣe ọ̀pá èso lókè, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún ọmọdé kí ó yọ ọ́ kí ó tó jẹ ẹ́. Fún ọsàn, ẹ yí i lórí ohun èlò tí a fi ń rin ilá, ara rẹ̀ yóò sì ní ihò wẹ́wẹ́ bí ti ọsàn gidi. A kò rí ìdí tí ọmọ Kétu yóò fi máa mọ èso fraise tí kò rí lórí igi rí. Ẹ mọ ìbẹ́pẹ, ẹ mọ àgbálùmọ̀. Ẹ mọ ata rodo, kí ẹ gbé e fún ẹ̀gbọ́n yín láìsọ nǹkan kan, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá gé e jẹ.

Bí kajú bá wọ́n, ẹ fi ẹ̀pà tí a yan fẹ́rẹ́ tí a sì bó ṣe é bákan náà. Ẹ da gbogbo èyí tó bá hunjọ, tó dúdú, tàbí tó bu nù, nítorí májèlé èbu ẹ̀pà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì í pa á tán. Ẹ bi àlejò pẹ̀lú kí ẹ tó gbé àwo síwájú wọn: àwọn kan wà tí ara wọn kò gba kajú tàbí ẹ̀pà rárá, ó sì lè ṣe wọ́n ní jàǹbá ńlá.

Ìwọ̀n tí a kọ yìí yóò fún yín ní nǹkan bí 30 ẹyọ. Ó yẹ Kérésìmesì, ó yẹ Ìtúnu Ààwẹ̀. A sì fẹ́ rí i ní Àjàṣẹ́ ní oṣù kìíní, nígbà tí àwọn Àgùdà, tí àwọn baba ńlá wọn ti Brazil padà wá, bá ń ṣe ọdún Bonfim: cajuzinho ẹ̀pà àti kajú Ṣábẹ̀ẹ́ nínú àwo kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ lójú afẹ́fẹ́ fún wákàtí mélòó kan, ẹ to wọn sínú agolo tó ní ìdérí, kí ẹ fi bébà sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan. Níbi tó tutù, wọn yóò dára fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe wọ́n sára ìdérí.