Bí Ẹ Bá Ń Lọ Ra Ọjà Ní Èkó, Ẹ Ṣírò Rẹ̀ Délé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rìn jìnnà, a kì í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀yin aya àti ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé ní Ìbàdàn, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Òṣogbo, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ nínú yín pé owó ọjà dín ní Èkó. Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì gbà á gbọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé iye tí a san fún ọlọ́jà nìkan kọ́ ni iye tí ọjà jẹ́. Iye tí ó jẹ́ gan-an ni gbogbo owó tí ó ti jáde lápò wa nígbà tí a bá sọ ẹrù kalẹ̀ nínú ilé wa.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí ọmọ mi àkọ́kọ́ pé oṣù méje, mo gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Èkó láti ra aṣọ ọmọdé, bàtà àti aṣọ ìbora. Mo fi ọmọ ti ìyá ọkọ mi, mo sì ṣèlérí pé n ó dé kí oòrùn tó wọ̀. Ọjà dùn ún ná lọ́jọ́ náà. Bí mo ti ń ra èyí tí mo bá wá ni mo ń ra èyí tí n kò bá wá. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá kí n tó dé Berger. Dípò kí n wọ inú gáréèjì lọ kí n dúró de ọkọ̀ tí ó wà lórí ìlà, mo wọ mọ́tò kan tí ó dúró lẹ́bàá títì, tí awakọ̀ rẹ̀ ń pariwo pé ẹnì kan péré ló kù.

Kí á tó dé Ògèrè ni ọkọ̀ náà kú. Awakọ̀ ní kò sí owó tí òun yóò dá padà fún ẹnikẹ́ni. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò wo nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, kò sì sí ọ̀gá gáréèjì tí mo lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ilẹ̀ ti ṣú, iná fóònù mi ti tán, ọmú mi ti kún, ó ń ṣẹ̀ sí mi láṣọ, mo sì mọ̀ pé ọmọ ń ké nílé. Owó gọbọi ni mo san fún ọkọ̀ mìíràn tí ó gbé èmi àti ẹrù mi. Ó kù díẹ̀ kí agogo mọ́kànlá lù nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn.

Ìyá ọkọ mi kò bá mi wí. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ìyàwó mi, o kú ewu ọ̀nà. Bí ọmọ bá ti mu ọmú tán, kí o bá mi ṣírò èrè tí a jẹ.” Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ti ìwé àti bírò. Ká ní mo ra gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn ní Ìbàdàn, owó ì bá ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ètò ìnáwó ilé!

Ìṣirò kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Kí á gbà pé aṣọ ọmọdé kan jẹ́ ₦6,000 ládùúgbò yín, tí ó sì jẹ́ ₦5,000 ní Èkó. Bí mẹ́fà bá ni ẹ fẹ́ rà, ₦6,000 ni ẹ̀dínwó tí ẹ ó rí. Bí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, owó aláàárù, owó ẹrù àti oúnjẹ ọ̀sán bá jẹ́ ₦20,000, ẹ ti pàdánù ₦14,000. Àfi bí ẹ bá ra ogún aṣọ ni ọwọ́ yín yóò dọ́gba, kí ẹ tó wá sọ̀rọ̀ èrè.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ìyá mẹ́jọ bá para pọ̀, tí wọ́n rán ẹni méjì nínú wọn. Ìnáwó ẹni méjì jẹ́ ₦40,000. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, ₦5,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí olúkúlùkù bá ra aṣọ mẹ́wàá, ẹ̀dínwó rẹ̀ jẹ́ ₦10,000, ₦5,000 yóò sì kù sí i lọ́wọ́. Lóòótọ́, owó ẹrù yóò lé díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni mẹ́jọ ni yóò fi iṣẹ́ àti ọmọ sílẹ̀. Ẹ tún rántí pé ẹni méjì lójú ọ̀nà sàn ju ẹnì kan lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí nǹkan jẹ́ nílùú yín. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rà sínú ìwé, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ kò ní kọjá sí iwájú rẹ̀.

Ọjọ́ àti wákàtí

Ẹ má ṣe lọ ní ọjọ́ Àìkú, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsọ̀ ní Balógun kì í ṣí. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù pẹ̀lú, nítorí èrò tí ń lọ fún ìsìn alẹ́ ní Redemption City a máa mú kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ gùn gan-an lójú ọ̀nà márosẹ̀ náà. Ọ̀nà tí a ṣí ní ọdún 1978 yìí kò ju nǹkan bí kìlómítà 127 lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba wákàtí méjì, ó sì lè gba márùn-ún. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road tàbí ní Challenge ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni ó lè ná ọjà tán kí ọ̀sán tó pọ́n jù.

Nínú ọkọ̀

Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọ ọkọ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọkọ yín tàbí sí ẹni tí ó wà nílé. Ọkọ̀ tí ó dúró lẹ́bàá títì lè jẹ́ ti ẹni rere. Ó sì lè jẹ́ ti àwọn olè tí a ń pè ní wan-ṣáǹsì, tí àwọn tí ó dà bí èrò inú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Láti Berger, ẹ ó rí dánfó tí ń lọ sí Ọbáléńdé tàbí CMS. Ẹ béèrè owó ọkọ̀ kí ẹ tó gun un, kí ẹ sì mú owó wẹ́wẹ́ dání. Bí kọndọ́ kò bá ní ṣéńjì, ó lè so èrò méjì pọ̀ mọ́ owó kan, kí ó fi yín sílẹ̀ láti máa wá bí ẹ ó ti pín in. Bọ́ọ̀sì BRT, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2008, rọrùn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n káàdì ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba takisí fún ara yín nìkan, ẹ fẹnu kò lórí owó rẹ̀, àti ti ẹrù, kí ẹrù tó wọ búùtù. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti wà nínú búùtù kò lè náwó mọ́.

Nínú ọjà

Balógun ni fún aṣọ àti bàtà. Òkè-Àrín ni fún mílíìkì, ṣúgà àti irú wọn ní páálí-páálí. Ẹ pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́ta. Owó ọkọ̀ àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, kí ẹ má sì ṣe fọwọ́ kàn án, bí ó ti wù kí ọjà dùn tó. Ohun fífúyẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ohun wíwúwo ni kí ẹ fi kẹ́yìn. Ẹ tú aṣọ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ níwájú ẹni tí ó tà á, nítorí ẹ kò ní padà wá láti Ìbàdàn nítorí ihò kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, ẹ má ṣe kúrò níwájú ìsọ̀ títí ọlọ́jà yóò fi sọ pé owó ti wọlé.

Ní ti aláàárù, ẹ ná owó rẹ̀ kí ó tó gbé ẹrù, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn kí ojú yín má kúrò lára rẹ̀. Nínú èrò Ìdúmọ̀tà, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ti tó láti sọ ẹrù nù.

Ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀

Bí ọmọ yín kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, tí ọmú nìkan ni ó ń mu, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín ra ọjà náà. Èyí tí ó ti ń jẹun, ẹ fún ọmú sínú ife mímọ́ kí ẹ tó jáde. Kò yẹ kí omi ọmú wà níta ju wákàtí mẹ́rin lọ, pàápàá nínú ooru wa yìí. Inú fíríìjì ni kí ó wà. Ife àti ṣíbí ni kí wọ́n fi fún un.

Àbọ̀

Bí agogo méjì ọ̀sán bá ti lù, ẹ kúrò lọ́jà, ì báà ṣe pé ohun méjì ṣì kù nínú ìwé yín. Ohun tí mo kùnà láti ṣe lọ́jọ́ tèmi nìyí, òun ni ó sì bí gbogbo ìyókù.

Ìyá mẹ́jọ ni àwa ládùúgbò wa nísinsìnyí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni à ń rán ẹni méjì lọ. Bí wọ́n bá dé, kí á tó tú ẹrù, a ó kọ́kọ́ ṣírò owó. Nígbà mìíràn a máa rí i pé àwọn nǹkan kan kò yẹ ní rírà ní Èkó mọ́, a ó sì fa igi lé e. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èyí tí kò ná yín ní ju èrè yín lọ ni kí ẹ tọ̀. Ẹ kú ọ̀nà o. Kí Ọlọ́run mú wa lọ, kí ó sì mú wa bọ̀.