Ìwà Ipá Nínú Ilé: Ohun Tí Obìnrin Ń Fojú Rí Lẹ́yìn Ìlẹ̀kùn

Ìwà ipá nínú ilé ni kí ọkọ, àfẹ́sọ́nà tàbí ẹbí máa fi ìyà jẹ obìnrin ní ibi tó yẹ kó ti rí ààbò. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ àti ìgbájú nìkan là ń pè bẹ́ẹ̀. Ọkọ tó ń fipá bá aya sùn, tó ń gba owó ọjà rẹ̀, tó ń tì í mọ́lé tàbí tó ń lé e síta lóru, ìwà ipá ló ń hù. Èébú ojoojúmọ́ tó ń mú kí ènìyàn kórìíra ara rẹ̀ náà wà lára rẹ̀.

Kò sí orílẹ̀-èdè tí ìwà yìí kò sí. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021 fi hàn pé obìnrin 1 nínú 3 láyé, tí àpapọ̀ wọn tó mílíọ̀nù 736, ni wọ́n ti lù tàbí fipá bá lò pọ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Mílíọ̀nù 641 nínú wọn, ọkọ wọn tàbí ọkùnrin tí wọ́n ń fẹ́ ló ṣe é. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé obìnrin àti ọmọbìnrin 51,100 ni ọkọ, olólùfẹ́ tàbí ẹbí wọn pa. Ìyẹn ni 140 lójúmọ́. Áfíríkà ló ní èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ó lé ní 21,000.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ará ìlú ní 2018 fi hàn pé obìnrin 36 nínú 100 tó ti lọ́kọ rí ni ọkọ ti lù, ti fipá bá sùn tàbí ti fi ọ̀rọ̀ àti ìwà dá lóró. Ohun tó dunni jù nínú ìwádìí náà kò sí nínú iye àwọn tí wọ́n lù. Nínú àwọn tí ìyà ti jẹ, 55 nínú 100 kò wá ìrànlọ́wọ́ rí. Obìnrin 28 nínú 100 sì gbà pé ó tọ́ kí ọkọ na aya rẹ̀ nítorí ohun bíi kí ọbẹ̀ jóná tàbí kó jáde láì sọ fún un.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ní orísun. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni obìnrin kọ́kọ́ ń sá lọ, àwọn ló sì sábà máa ń dá a padà. “Ṣe sùúrù, nítorí àwọn ọmọ rẹ.” Kò sí ìyá tó fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ òun ní dálémosú. Ọkọ tó lu aya lálẹ́ Sátidé á dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ẹbí á bá a bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ á sì parí títí di ìgbà mìíràn. Bí obìnrin bá dé tésàn, àwọn ọlọ́pàá lè ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí ó lọ yanjú rẹ̀ nílé. Òwe tó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ ti dá ọ̀pọ̀ ìyàwó padà lọ́nà. Owó tún ń bẹ níbẹ̀: ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, níbo ni yóò kó ọmọ mẹ́ta lọ lóru?

Ara kì í gbàgbé. Nọ́ọ̀sì á bi obìnrin tí wọ́n lù pé kí ló ṣe ojú rẹ̀, á ní òun yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Ó so síkáàfù mọ́rùn nínú ooru, kí wọ́n má baà rí àpá ìka ọwọ́. Àpá ọrùn yẹn gan-an ló yẹ kó ba gbogbo ẹbí lẹ́rù. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ewu kí ọkọ pa aya lọ́jọ́ iwájú fi nǹkan bí ìlọ́po méje pọ̀ sí i bí ó bá ti fún un lọ́rùn rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìsoríkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù, wọ́n sì sábà máa ń bí ọmọ tí kò tó ìwọ̀n ju àwọn yòókù lọ. Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ igbe ìyá wọn láti yàrá kejì náà ń gbé ìpayà yẹn dàgbà.

Nígbà tí akọrin ẹ̀mí, Osinachi Nwachukwu, kú ní oṣù Kẹrin 2022, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́ ni pé jẹjẹrẹ ọ̀fun ló pa á. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló jáde sọ pé ọkọ rẹ̀ ti ń lù ú tipẹ́. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá dá ọkọ náà lẹ́bi, ó sì dájọ́ ikú fún un.

Òfin kò sọ pé kí obìnrin fara dà á. Lábẹ́ VAPP, òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní 2015, ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó ₦200,000, tàbí méjèèjì. Ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ kí afìyàjẹni má ṣe súnmọ́ ẹni tó ń fìyà jẹ. Àbújá nìkan ni òfin náà ti múlẹ̀ ní tààrà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ́ di tirẹ̀. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2007, ó sì ní àjọ kan tó ń gbọ́ ẹjọ́ irú èyí. Nọ́ńbà àjọ náà ni 08000 333 333. Kò gba owó, aládùúgbò tó gbọ́ igbe náà sì lè pè é.