Kí A Tó Sé Odò: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àgbẹ̀ Béèrè

Nígbàkúùgbà tí ìròyìn bá tàn pé ìjọba fẹ́ sé odò kan, ohùn àwọn ará agbègbè ibẹ̀ kì í ṣọ̀kan. Àwọn kan a máa yọ̀ pé omi yóò wà fún oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé iná mànàmáná yóò dé, àti pé ẹja yóò pọ̀. Àwọn tí ilẹ̀ baba wọn wà létí odò náà a sì máa béèrè ibi tí àwọn yóò máa dáko sí. Òtítọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí a parí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé nígbà tí omi bá ti bo oko, kò sí ẹni tí ó lè ka igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ohun tí ojú ti rí

Ìsédò Kainji lórí odò Ọya, tí a ṣí ní ọdún 1969, fún wa ní iná mànàmáná àti adágún ńlá tí a ti ń pa ẹja. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn tí ó tó 44,000 ni a ṣí nípò nítorí rẹ̀, omi sì bo ìlú Bùsà àtijọ́. Ní Bakolori, lórí odò Sókótó, àwọn àgbẹ̀ dí ọ̀nà iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó gbà-má-bínú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, àwọn ọlọ́pàá kọlù wọ́n, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò.

Nílẹ̀ Yorùbá, Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìsédò Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, ní oṣù kẹta ọdún 1983. Ó wúlò fún omi mímu Abẹ́òkúta àti Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mẹ́ta tí a gbé síbẹ̀ fún iná mànàmáná wà láìṣiṣẹ́ fún ohun tí ó ju 20 ọdún lọ. Àwọn olùwádìí sì rí i pé àtọ̀sí ajá, èyí tí ń mú ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀, gbilẹ̀ ní àwọn ìletò etí adágún náà, pàápàá láàrin àwọn ọmọdé. Ìgbín kéékèèké inú omi tí kò ṣàn ni ó ń gbé kòkòrò àrùn náà.

Ìbéèrè mẹ́ta

1. Kí ni a ó san fún? Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fàyè gba owó fún irúgbìn, ilé àti iṣẹ́ tí a ṣe sórí ilẹ̀. Kò san iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó. Nítorí náà, ẹ ka igi kòkó, obì àti ọ̀pẹ yín, ẹ kọ iye wọn sílẹ̀ níṣojú baálẹ̀, kí ẹ sì pa ìwé náà mọ́. Bí a bá ṣèlérí ilẹ̀ mìíràn, ẹ béèrè fún un nínú ìwé.

2. Ta ni yóò máa kìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò? Bí a bá sé omi mọ́lẹ̀ jù, àkùrọ̀ yóò gbẹ. Bí a bá sì tú u sílẹ̀ lójijì nígbà òjò, yóò gbé oko lọ.

3. Ǹjẹ́ kànga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìwòsàn yóò wà ní ìletò tuntun kí a tó kó àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀?

A kò sọ pé kí àgbẹ̀ kọ ìsédò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ó di ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ láti fi ohùn kan béèrè ìpín tiwọn ní àkókò tí ó yẹ.